Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe lè fi Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ mú kí àwọn ọ̀dọ́ ronú jinlẹ̀?

Olùkọ́Ẹ̀gbá (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń darí ẹgbẹ́ òǹkàwé kékeré kan lẹ́yìn ilé-ìwé, àwọn ọmọ SS1 àti SS2 ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní sáà tó ń bọ̀, a fẹ́ ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, èyí tó jáde ní 1938. Àwọn ọmọ náà ti gbọ́ díẹ̀díẹ̀ lára ìtàn ọ̀hún lẹ́nu àwọn òbí wọn. Wọ́n mọ Àgbákò, abàmì ẹ̀dá inú igbó náà, wọ́n mọ Kàkó, ọ̀kan nínú àwọn akọni inú rẹ̀.

Ohun tí mo ń wá kì í ṣe èyí tí ìdánwò ń bi wọ́n: ta ni olú ẹ̀dá ìtàn, tọ́ka sí àkànlò èdè mẹ́ta, ṣàlàyé ibùdó ìtàn. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ìwé náà ronú. Ṣé kádàrá ló gbé Àkàrà-Oògùn, ọdẹ tó ń ròyìn ìtàn náà, wọ igbó, àbí ẹsẹ̀ ara rẹ̀? Kí ló ń sọ ènìyàn di akọni? Ṣé ènìyàn lè ṣe ohun tó burú nítorí ire ìlú, kó sì tọ̀nà?

Ibi tó ti ń dí mi lọ́wọ́ ni pé, tí mo bá ti bi wọ́n ní "kí ni ìtàn yìí kọ́ wa?", ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn máa ń fọhùn papọ̀ sọ: ká má ṣojo, ká bọ̀wọ̀ fún àgbà, ká bẹ̀rù Ọlọ́run. Ó ti mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé yìí pẹ̀lú ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa fìlọ́sọ́fì, ẹ jọ̀wọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

BàbáTíṣà (Iléṣà)

Àbúrò mi, o káre láé. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí o pa ìbéèrè "kí ni ìtàn yìí kọ́ wa" tì. Ìwé náà ti dáhùn rẹ̀ kí ọmọ tó la ẹnu. Tíṣà ni Fágúnwà. St Andrew's College ní Ọ̀yọ́ ló ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ gbé kalẹ̀ nígbà ayé òyìnbó ló kọ ìwé náà fún, ilé ìtẹ̀wé àwọn míṣọ́nnárì CMS ló sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìṣẹ̀lẹ̀ ò ní tíì tán nílẹ̀ tí yóò fi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti gba òǹkàwé nímọ̀ràn. Èmi fẹ́ràn àwọn ìmọ̀ràn ọ̀hún, ohùn àgbà wà nínú wọn. Àmọ́ ọmọ tó bá ti mọ̀ pé ìmọ̀ràn ń bọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ kò ní ronú mọ́, yóò jókòó dè é ni.

Nítorí náà, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná gan-an ni kí o ti ní kí wọ́n pa ìwé dé. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ojú ìwé tó kàn. Bi wọ́n ní ohun méjì péré: "Ṣé ohun tí ẹni yìí ṣe tọ́?" àti "Kí lo máa sọ fún ẹni tó bá ní irọ́ lo pa?" Èkejì ló le jù, òun ló sì wúlò jù, torí pé kò sí bí ọmọ ṣe máa dáhùn rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fi etí sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ wò ni ọ̀rọ̀ Kàkó oníkùmọ̀-ẹkùn. O rántí pé ọba ní kí àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó, kí wọ́n lọ mú ohun tí yóò fún ìlú ní àlàáfíà wá. Obìnrin Kàkó di mọ́ ọn, kò fẹ́ kó fi òun sílẹ̀ lọ. Kàkó pa á, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìtàn ò pẹ́ níbẹ̀ rárá. Àwọn ọkùnrin náà ń bá ìrìnàjò wọn lọ, àwa tí à ń kà á náà sì ń bá wọn lọ, a tún ń yọ̀ mọ́ Kàkó nínú àwọn ìjà tó tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o dá wọn dúró níbẹ̀. Kò yẹ kí ọmọ ènìyàn ka ojú ìwé yẹn tán kó máa ka èyí tó kàn bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

ÌyáÌbejì (London)

Bàbá, ẹ ṣeun. Lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ yín nípa Kàkó. Mo máa ń ran àwọn tó ń kọ́ ọmọ wa ní Yorùbá ní ọjọ́ Sátidé lọ́wọ́ níbí, ibẹ̀ gan-an ni kíláàsì ti máa ń dìde. Àwọn ọmọbìnrin á ní apànìyàn ni, kí wọ́n lé e padà sílé, kí wọ́n mú un. Àwọn ọmọkùnrin á ní ọba ló rán an níṣẹ́, obìnrin náà ló dí i lọ́nà. Tí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ariwo ni yóò kù.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé ká máa yí nǹkan kan péré padà nínú ìtàn náà, ká tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ká ní ìyá Kàkó ló di mọ́ ọn ńkọ́? Ká ní ọmọ kékeré ni? Ká ní ogun ti dé ẹnu odi, tí wákàtí kan péré bá pẹ́ ìlú á parẹ́? Ká ní ọba kàn fẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ fún ààfin ni, kì í ṣe àlàáfíà? Nígbà tí ọmọ tó ti ní Kàkó jàre bá gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ni, tó sì dákẹ́, ẹ bi í pé kí ló yí padà. Obìnrin ṣáà ni àwọn méjèèjì, ènìyàn ṣáà ni wọ́n. Kí ló wá dé tí ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan fi wúwo ju ti èkejì lọ? Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i fúnra wọn pé àwọn ní òfin kan nínú ọkàn tí àwọn ò mọ̀ pé àwọn ní.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá gbè sẹ́yìn Kàkó gba ẹjọ́ obìnrin náà rò fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí àwọn ti òdìkejì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n rò ó tọkàntọkàn. Ìwé ò fún obìnrin yẹn ní àyè púpọ̀ láti sọ tẹnu rẹ̀, àwọn ọmọ lè fún un.

Fún àwọn tí Yorùbá wọn ò tíì jinlẹ̀, a máa ń gbé ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe, èyí tó jáde ní 1968, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Fágúnwà. Ohùn Yorùbá là ń kọ́kọ́ kà sókè kí ẹnikẹ́ni tó wo èkejì.

ỌmọIfẹ̀_Fìlọ́sọ́fì

Ẹ̀gbọ́n mi olùkọ́, mo kí yín. Fìlọ́sọ́fì ni mò ń kà ní yunifásítì, ìwé yìí sì wà lára ohun tó jẹ́ kí n yàn án. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ kádàrá, torí pé òun ni ọmọ Yorùbá kọ̀ọ̀kan ti ní èrò lé lórí kó tó dé kíláàsì.

Má bẹ̀rẹ̀ láti ibi pé "ṣé o gbàgbọ́ nínú kádàrá". Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n máa fọ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ ìtàn tó wà nínú Ògúndá Méjì, ọ̀kan lára àwọn odù Ifá, fún wọn, ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń ti ìsálú ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Oríṣeéku ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ sáré lọ sílé Àjàlá alámọ̀ tó ń mọ orí, wọ́n mú orí tó dára lójú, wọn ò mọ̀ pé kò jiná. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí náà sì ṣá. Afùwàpẹ́ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó rúbọ, ó mú owó àti iyọ̀ dání. Ó fún oníbodè ní iyọ̀, ìyẹn sì mú un lọ sọ́dọ̀ Àjàlá. Nígbà tó débẹ̀, Àjàlá ti sá gun àjà nítorí olówó tó ń sìn ín ní gbèsè. Afùwàpẹ́ bá a san án. Àjàlá fúnra rẹ̀ ló wá bá a ṣa orí tó dára.

Ẹ wá bi wọ́n: ta ló yan orí Afùwàpẹ́? Kò mọ èyí tó dára nínú wọn, Àjàlá ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí kò bá san gbèsè yẹn, ta ni yóò bá a yàn án? Àwọn méjì yòókù ńkọ́, wọ́n fi ojú ara wọn yàn, ohun tó wu ojú wọn ni wọ́n sì mú. Ṣé ẹni tí kò lè mọ ohun tó wà nínú ohun tó mú lè ní òun yàn án? A ní àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá. Ẹ bi àwọn ọmọ pé kí ni ẹni tó kúnlẹ̀ yìí mọ̀ nígbà tó ń yàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ padà sínú igbó. Àkàrà-Oògùn wọ Igbó Irúnmọlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà àkọ́kọ́, òun ló dìde fúnra rẹ̀. Nígbà kẹta, ọba ló rán an, kò sì lè kọ̀. Ṣé akọni kan náà ló lọ nígbà méjèèjì? Nígbà tí Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún sì há a mọ́, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìrànlọ́wọ́ ni Ẹlẹ́dàá rán sí i. Ká ní kò dé ńkọ́? Ṣé a ṣì máa pè é ní ògbójú, àbí òkú ọdẹ kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀ ni ì bá jẹ́? Tó bá jẹ́ pé Ìrànlọ́wọ́ ló gbà á, kí ni a ń yìn ín sí?

Ẹsẹ Ifá kan tún wà níbi tí àwọn orí ti pé jọ láti ṣe ohun kan, wọn ò pe ẹsẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ náà ò sì gún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti sọ̀rọ̀ lé èyí lórí dáadáa: orí rere tí ẹsẹ̀ ò bá gbé kò lè dé ibi tó ń lọ. Ìwé tó jẹ́ pé ìrìn ló kún inú rẹ̀ nìyí. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí yóò ka gbogbo ìrìn inú igbó náà lọ́nà mìíràn.

Afìdíhẹ

Ọ̀rọ̀ tèmi kúrú. Ẹ wo ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Àkọtọ́ àtijọ́ ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, "aiye" àti "enia", kì í ṣe àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 tí wọ́n fi ń kọ́ wọn. Àmì ohùn náà sì kéré. Àwọn ọmọ máa ń rò pé àwọn ò gbọ́ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ àkọtọ́ ló ń dà wọ́n láàmú. Ẹ ka á sókè fún wọn, kí wọ́n máa fi ojú tẹ̀lé e. Ojú ìwé mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó fún ìjókòó kan tí ẹ bá fẹ́ jíròrò.

Ìṣẹ̀ṣeLàgbà (Òṣogbo)

Mo kí gbogbo ilé. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, inú mi sì dùn pé ẹnì kan mẹ́nu kan Ògúndá Méjì. Ohun kan wà tí mi ò ní lè gbójú fò.

Nínú Ifá, irúnmọlẹ̀ kì í ṣe ẹ̀mí èṣù. Igba irúnmọlẹ̀ ojùkọ̀tún, igba irúnmọlẹ̀ ojùkòsì, àwọn tí Olódùmarè rán wálé ayé ni. Nínú ìwé yìí, igbó tí wọ́n fi orúkọ wọn pè ló kún fún àwọn abàmì ẹ̀dá tó ń lé ènìyàn kiri, ọdẹ sì gbọ́dọ̀ fi oògùn àti àdúrà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, ìyẹn ò sì bu ọlá rẹ̀ kù lójú mi. Mo mọ ohun tó ṣe fún èdè wa. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tó ń ka ìwé yìí láìsí àlàyé máa ń gbé e lọ pé gbogbo ohun tí bàbá ńlá wọn bọ, ẹ̀dá bí Àgbákò ni.

Àbá mi nìyí, olùkọ́. Ẹ sọ ìyẹn gan-an di ìbéèrè. Ta ló ni igbó náà kí ọdẹ tó wọ̀ ọ́? Ìgbà tí ọdẹ bá gbé ìbọn wọ ilé ẹlòmíràn láìkágò, tí onílé sì bá a jà, èwo nínú wọn ni ìka? Ká ní Àgbákò ló ń ròyìn fún akọ̀wé, báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ojú ìwé kan lẹ́nu Àgbákò. Ìbéèrè nípa ohun tó burú ni ẹ ń wá, àbí? Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ mọ̀ nípa rẹ̀ ni ẹni tó ń dárúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

BàbáTíṣà

Àgbà, mo gbọ́, mo sì gbà. Ọmọ ìjọ ni mí, ṣùgbọ́n òtítọ́ lẹ sọ nípa igbó náà. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un, kí àwọn ọmọ má baà rò pé apá kan péré ni ìwé náà dúró sí. Oògùn, ọfọ̀ àti egbé, èyí tó ń gbé ènìyàn kúrò lójú ewu lójijì, ló gba Àkàrà-Oògùn ní ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń dárúkọ Ẹlẹ́dàá, orúkọ ọkùnrin náà gan-an ni Àkàrà-Oògùn. Ayé méjèèjì ló dúró nínú rẹ̀, òǹkọ̀wé ò sì lé ọ̀kan jáde fún èkejì. Ó yẹ kí a bi àwọn ọmọ bóyá ènìyàn lè gbé ayé méjì pọ̀ bẹ́ẹ̀ kó má pa irọ́ fún ọ̀kan nínú wọn. Púpọ̀ nínú wọn ló ń gbé e báyìí nílé wọn.

Ìṣẹ̀ṣeLàgbà

Ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi. Ẹ bi wọ́n bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sìÀkúrẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, níbi tí Àkàrà-Oògùn ti ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn òbí rẹ̀. Ọdẹ ni bàbá, ó ní àjẹ́ ni ìyá òun, bàbá sì pa ìyá. Ọmọ wọn ló ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ò sì gbọ̀n.

Mo ń ṣiṣẹ́ níbi tí mo ti ń rí àwọn ìyá àgbà tí ìdílé wọn ti pa tì nítorí ẹ̀sùn yìí. Ìyá àgbà tó ń gbàgbé nǹkan, tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, tó ń rìn jáde láìmọ ibi tó ń lọ, àrùn ọpọlọ tó ń bá ọjọ́ ogbó rìn ni, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é. Nínú kíláàsì yín, ó lè jẹ́ pé ọmọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìyá ìyá rẹ̀. Òmíràn lè wà níbẹ̀ tí wọ́n ti pe òun fúnra rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Torí náà ẹ má bi wọ́n bóyá àjẹ́ wà tàbí kò sí. Ẹ ò ní rí ìdáhùn níbẹ̀, ẹ sì lè dá ọgbẹ́ sí ẹni tí ẹ ò mọ̀.

Ẹ bi wọ́n báyìí: kí ni bàbá rí, kí sì ni wọ́n sọ fún un? Kí ni ì bá ṣe kó tó gbé ìbọn? Ta ló wà níbẹ̀ tó lè gba ẹjọ́ ìyá rò? Àti pé kí ni ọmọ jẹ ìyá rẹ̀, bí gbogbo ayé bá ti dá a lẹ́bi? Èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni má kà á sókè bí kò bá wù ú.

ỌmọIfẹ̀_Fìlọ́sọ́fì

Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun púpọ̀. Ohun tí ẹ sọ bá iṣẹ́ kan mu tí a kà ní kíláàsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. O. Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, tí wọ́n jọ kọ́ni ní Ifẹ̀ níbí, bá àwọn oníṣègùn Yorùbá jókòó, wọ́n sì bi wọ́n ohun tí a ń pè ní ìmọ̀ àti ohun tí a ń pè ní ìgbàgbọ́. Ìwé tí wọ́n kọ jáde ní 1986. Ohun tí àwọn oníṣègùn náà fi yé wọn ni pé ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, ni ènìyàn lè ní òun mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún un, tó gbà láti ẹnu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni, kódà kó jẹ́ ohun tó wà nínú ìwé.

Ẹ fi ìyẹn wo gbogbo ìwé Fágúnwà. Àgbàlagbà kan ló wá bá akọ̀wé, ó ní kó gbé kálámù, òun fẹ́ ròyìn ìrìnàjò òun. Akọ̀wé kọ ọ́, àwa kà á. Kí ni Àkàrà-Oògùn mọ̀ níbẹ̀? Kí ni akọ̀wé mọ̀? Kí ni àwa tí à ń kà á mọ̀? Ẹ fa ìlà mẹ́ta sójú pátákó, kí àwọn ọmọ máa fi ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ibi tó tọ́ sí. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìròyìn tí wọ́n gbà lórí WhatsApp ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn.

ỌmọỌdẹ (Ìgbómìnà)

Ọdẹ ni bàbá mi. Lórí ọ̀rọ̀ akọni, ẹ má fi ibi ìjà nìkan bẹ̀rẹ̀. Nínú ìrìn àkọ́kọ́, ẹ̀rù ba Àkàrà-Oògùn, ó lo egbé, ó sì bá ara rẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Ó sá. Lẹ́yìn náà ló padà wọ igbó. Ẹ bi wọ́n: ìgbà wo gan-an ló di ògbójú, kó tó sá ni àbí nígbà tó padà? Bàbá mi kì í bá ọdẹ tó ní òun ò bẹ̀rù rí wọ igbó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè yìnbọn sí ohun tí kò tíì mọ̀.

Ẹ tún wo àwọn tí wọ́n jọ lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkó ní agbára. Ìmọ́dòye ní làákàyè. Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn tí kò sí ẹni tí kì í fà mọ́ra. Elégbèdè-Ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Tó bá ṣe pé ẹnì kan ni kí wọ́n yọ kúrò nínú wọn, ta ni àwọn ọmọ máa yọ, kí sì nìdí? Mo rò pé Olóhùn-iyọ̀ ni ọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ yọ. Ẹ wá bi wọ́n pé ìlú tí kò ní olórin, kí ló fẹ́ fi àlàáfíà tí wọ́n lọ mú wá ṣe.

AṣeréOríìtàgé (Èkó)

Ẹ jẹ́ kí n fa ọ̀rọ̀ ìlú yẹn gùn díẹ̀. Ní 1977, nígbà FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀, eré tí Wálé Ògúnyẹmí kọ láti inú ìrìnàjò Láńgbòdó yìí ni Nàìjíríà gbé kalẹ̀ lórí ìtàgé. Ogun abẹ́lé ò tíì pẹ́ tó parí nígbà náà, owó epo rọ̀bì sì ń wọlé. Ìlú tó rán àwọn akọni rẹ̀ lọ sókè jíjìn láti wá àlàáfíà, àwa la wà lórí ìtàgé yẹn.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ bi àwọn ọmọ ni pé kí nìdí tí àlàáfíà ìlú fi wà lọ́wọ́ ọba ìlú mìíràn. Kí ló dé tí a ní láti la igbó kọjá lọ gbà á? Ṣé ohun tí wọ́n bá gbà wálé lè jẹ́ àlàáfíà bí òkú obìnrin Kàkó bá wà nílẹ̀ níbi tí ìrìnàjò ti bẹ̀rẹ̀? Ọkùnrin ni gbogbo wọn náà. Kí àwọn ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ yín yan obìnrin kan kún wọn, kí wọ́n sọ ohun tó mọ̀ tí àwọn yòókù ò mọ̀, àti ohun tó máa sọ nígbà tí Kàkó bá gbọ́wọ́ sókè.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣeré rẹ̀. Ọmọ tó ṣe ipa obìnrin yẹn lẹ́ẹ̀kan kì í rò ó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ kàn má jẹ́ kí ọmọ kan náà máa ṣe Kàkó nígbà gbogbo.

Olùkọ́Ẹ̀gbá

Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, mo dúpẹ́ gan-an. Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ tò ó nìyí. Ìjókòó àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ akọ̀wé àti àgbàlagbà, pẹ̀lú ìlà mẹ́ta ti ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá Àkàrà-Oògùn á tẹ̀lé e bí Àǹtí nọ́ọ̀sì ṣe là á kalẹ̀. Màá kọ́kọ́ bá olùtọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé wa sọ̀rọ̀, kó lè wà nítòsí lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni egbé àti ìbẹ̀rù, Àgbákò àti ẹni tó ni igbó, Afùwàpẹ́ àti Ìrànlọ́wọ́. Kàkó ni mo fẹ́ fi ìjókòó méjì sí, ọ̀kan fún ìjíròrò, ọ̀kan fún eré.

Ohun kan ṣì ń rú mi lójú. Nígbà tí wọ́n dé Láńgbòdó, Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n àgbà ibẹ̀, gbà wọ́n sí ilé olójúlé méje rẹ̀, ó sì kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ méje. Ẹ̀kọ́ lásán ló kún ibẹ̀. Bàbá ní kí n máa pa ìwé dé kí ìmọ̀ràn tó dé. Ṣé kí n fo Ìrágbèje ni?

ÌyáÌbejì

Ẹ má fò ó. Àwọn ọmọ tèmi fẹ́ràn Ìrágbèje ju bí mo ṣe rò lọ, torí pé ìtàn ló fi ń kọ́ wọn.

BàbáTíṣà

Má fò ó o, àbúrò mi. Ìrágbèje ni ọ̀nà tí Fágúnwà gbà sọ fún wa pé ìrìnàjò náà kì í ṣe ti ẹsẹ̀ nìkan. Ó yẹ kí àwọn ọmọ gbọ́ àgbà tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù, wọn ò rí i gbọ́ púpọ̀ mọ́. Mo ní kí o pa ìwé dé nígbà tí ìṣẹ̀lẹ̀ bá ń lọ nítorí pé wọn ò tíì ronú. Nígbà tí ẹ bá fi máa dé Láńgbòdó, wọ́n á ti ní èrò tiwọn, wọ́n á lè bá Ìrágbèje jiyàn. Kí wọ́n fetí sí i bí ẹni tó ní nǹkan láti fi dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ló gbé dìde ní ibẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀, òbí tó fi àkẹ́jù ba ọmọ jẹ́. Ẹ kà á ní odindi. Kí wọ́n sì bi í, bí ẹni pé ó jókòó síwájú wọn: ọmọ tí wọ́n bà jẹ́, ìgbà wo ni ẹ̀bi ìwà rẹ̀ máa kúrò lọ́rùn òbí tó máa di tirẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni yóò dáhùn ìbéèrè yìí fún ọ dáadáa, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni.

Kí wọ́n kọ ojúlé kẹjọ sí i nígbà tí wọ́n bá parí. Kí ni Ìrágbèje gbàgbé? Nínú ojúlé yẹn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìbéèrè kan tí kò rí ìdáhùn rẹ̀ nínú gbogbo ìwé náà, kó kọ ẹni tó fẹ́ bi nílé, kó sì lọ bi onítọ̀hún.

Olùkọ́Ẹ̀gbá

Bàbá, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ojúlé kẹjọ ni a ó fi parí sáà. Ìbéèrè mi tó kù ni ti ẹ̀dà ìwé: méjì péré ló wà lọ́wọ́ wa fún gbogbo ẹgbẹ́.

Afìdíhẹ

Ẹ bi àwọn tó ń ta ìwé ní àgbègbè yín kí ẹ tó sọ pé kò sí. Wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ti ra mẹ́rin sí márùn-ún kún un, kí ọmọ mẹ́ta máa jókòó ti ẹ̀dà kan. Ẹni tó wà láàárín ni kó máa kà á sókè.